Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rin Bangkok nínú ooru oṣù kẹrin: ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kan péré ni mo ní ní Bangkok, olú ìlú ilẹ̀ Thailand, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́ lọ sí Chiang Mai. Èmi nìkan ni mò ń lọ, obìnrin ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò fẹ́ wọ tákísì rárá. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rin gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́yìn mi: láti Khao San, àdúgbò tí mo fẹ́ sùn sí, dé Grand Palace (ààfin ọba), Wat Pho àti Wat Arun (tẹ́ńpìlì ni wọ́n ń pè ní "wat"), Golden Mount (òkè tí tẹ́ńpìlì wà lórí ẹ̀), àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, kí n wá parí ẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin Hua Lamphong. Máàpù fóònù mi ní kò ju kìlómítà mọ́kànlá lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní orí mi ò pé. Bùọ̀dá mi ní ọmọ tó dàgbà sínú oòrùn Nàìjíríà kò gbọdọ̀ bẹ̀rù oòrùn ẹnikẹ́ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Ìdáhùn

Àbúrò mi, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Ẹsẹ̀ lè rin ọ̀nà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rìn ín, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dùbúlẹ̀, màá sọ ìyẹn níwájú. Ìrìn kọ́ ló burú nínú ètò rẹ, àkókò ni. O ò kọ aago kankan síbẹ̀. Kìlómítà mọ́kànlá ní ìdájí àti kìlómítà mọ́kànlá ní ọ̀sán gangan kì í ṣe ọgbọọgba ní ìlú yẹn.

Kí n tètè mú ọ̀kan kúrò nílẹ̀ kó má bàa di ẹkún lálẹ́: ọkọ̀ Chiang Mai kì í gbéra ní Hua Lamphong mọ́. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ti kó àwọn ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn lọ sí ibùdókọ̀ ńlá tuntun tó ń jẹ́ Krung Thep Aphiwat, ní Bang Sue. Hua Lamphong ṣì wà níbẹ̀, ilé tó rẹwà ni, 1916 ni wọ́n ṣí i, ó sì yẹ ní wíwò. Àmọ́ tó o bá jókòó síbẹ̀ tó o ń dúró de ọkọ̀ rẹ, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. MRT, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ló máa gbé ọ láti àdúgbò yẹn dé Bang Sue láìsí pé o sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn. Fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fún un.

* * *

Mo ti ka èsì àwọn tó ní "oòrùn ni wọ́n bí wa sí, oòrùn ibì kan ò lè ṣe wá ní nǹkan kan". Wọ́n pọ̀, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Mi ò ní gbà fún wọn síbẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọdún mẹ́ta ni àbúrò wa yìí ti lò ní Leeds. Ara tó ti mọ́ ooru lára á gbàgbé ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò bá rí i mọ́, bó bá sì padà sínú ẹ̀, á tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó tún mọ́ ọn lára. Ọjọ́ kan péré lòun ní. Ara Leeds ló ń gbé lọ síbẹ̀, kì í ṣe ara Òṣogbo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rinrin. Òógùn tó ń ṣàn kọ́ ló ń tu ara, èyí tó bá gbẹ kúrò lára ni. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Bangkok wà, lẹ́bàá odò Chao Phraya, òkun ò sì jìnnà sí i. Omi ti kún inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí ìwọ tó dé, òógùn rẹ ò ríbi gbà lọ. Inú aṣọ ló máa ṣàn sí, ara á sì máa gbóná sí i. Oṣù kẹrin gan-an ló sì gbóná jù nínú ọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Thailand kìlọ̀ fún àwọn ará Bangkok pé ìgbóná tí ara máa mọ̀, tí a bá ro ooru pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin, lè kọjá 52 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ará ìlú ni wọ́n ń sọ ọ́ fún o, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀.

Èyí tó kù ló dùn mí jù, nítorí pé àwa fúnra wa mọ̀ ọ́n nílé. Bàbá tó bí bàbá mi dáko lẹ́yìn Ìkirè. Ìdájí ló ń jáde nílé. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, abẹ́ igi obì ni wàá ti bá a, á ti jẹun, á ti sùn díẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún gbé ọkọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní ojo. Ṣé àgbẹ̀ tó fi ọgọ́ta ọdún ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ló bẹ̀rù ẹ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n ni. Nígbà wo la wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ Yorùbá kì í sá fún ọ̀sán?

Ohun tó ṣe mí nìyí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé Bangkok, oṣù kẹrin náà ni. Aago kan ọ̀sán ni mo kúrò nídìí Giant Swing, òpó igi pupa gíga tó wà níwájú Wat Suthat, mo forí lé Golden Mount. Kò jìnnà. Àpò mi wà lẹ́yìn mi, mo sì ti mu lítà omi méjì láàárọ̀, omi lásán. Mo gun àtẹ̀gùn òkè yẹn, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, mo wo ìlú láti òkè, mo sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Nínú ooru yẹn! Ara mi ń gbọ̀n, gbogbo irun ọwọ́ mi dìde, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, mi ò sì rántí ọ̀nà tí mo bá wá. Ìyá kan tó ń ta omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló rí mi. Kò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ tiẹ̀. Ó já àpò kúrò lẹ́yìn mi, ó fi mí jókòó sábẹ́ agbòòrùn ẹ̀, ó rẹ aṣọ sínú omi yìnyín, ó fi lé mi lọ́rùn àti abíyá. Ó wá pò omi ọsàn fún mi. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mu ún níbẹ̀ nìyẹn, iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀. Ife mẹ́ta ni mo mu kí ojú mi tó là. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, owó ife kan ló gbà.

Nítorí náà, ẹ má tún sọ fún ọmọdébìnrin tó ń dá nìkan lọ pé oòrùn ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Tí òtútù bá mú ọ nínú ooru, tí òógùn bá dá, tí ọkàn rẹ bá ń dàrú, ìrìn ti parí lọ́jọ́ yẹn. Wọ ibi tó tutù, rẹ ara rẹ lómi, pe èèyàn. 1669 ni nọ́ńbà ìlera pàjáwìrì wọn, 1155 sì ni ti ọlọ́pàá tó wà fún àwọn àlejò.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé kí ló wá kù tí ẹsẹ̀ máa rìn tí mo bá yọ ọ̀sán kúrò. Púpọ̀. Àmọ́ màá yí ibùsùn rẹ padà ná. Kúrò ní Khao San. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń gbé àpò kiri máa ń lọ. Ọjà ìrẹsì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí orúkọ yẹn túmọ̀ sí nìyẹn, kó tó di ilé ọtí lọ́tùn-ún lósì. Ariwo ò ní jẹ́ kó o sùn kó o tó jí ní aago márùn-ún, MRT ò sì dé itòsí ẹ̀. Wá họ́sítẹ́lì sí Yaowarat, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà yẹn, tàbí sí àdúgbò Hua Lamphong, wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Àpò ńlá á wà lọ́dọ̀ wọn látàárọ̀, wàá sì rí ibi padà sí lọ́sàn-án.

Aago márùn-ún àbọ̀, jáde. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Rìn lọ sí Pak Khlong Talat, ọjà òdòdó. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àmọ́ kò sígbà tó dùn wò bí àfẹ̀mọ́júmọ́. Òdòdó aláwọ̀ òféfèé wà nínú ọ̀rá ńláńlá bí ẹni kó gaàrí jọ, àwọn obìnrin jókòó nílẹ̀, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gígùn sín òdòdó funfun olóòórùn dídùn sínú okùn, bí a ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Phuang malai ni wọ́n ń pè é. Iwájú ère Búdà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n ń so ó mọ́ iwájú ọkọ̀, àti mọ́ àwọn ilé ẹ̀mí kéékèèké tó wà níwájú ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa rí àwọn ilé yẹn níbi gbogbo, lórí òpó kan, pẹ̀lú tùràrí àti ìgò Fanta pupa tí wọ́n ti fi ìfámu sí. Ẹni tó bá ti rí ojúbọ rí ò nílò àlàyé.

Láti ibẹ̀, odò wà lọ́wọ́ òsì rẹ, ìrìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù dé Tha Tien, èbúté tó wà lẹ́bàá Wat Pho. Wàá pàdé àwọn monk, àwọn ọkùnrin tó fi ara wọn jin ẹ̀sìn Búdà, tí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń gba oúnjẹ sínú abọ́. Yà fún wọn. Obìnrin kì í fara kàn wọ́n, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀. Jẹ jok, ìrẹsì tí wọ́n sè títí ó fi di bí ògì, wọ́n á fi ata ilẹ̀ tútù àti ẹyin sí i. Aago mẹ́jọ ni Wat Pho ń ṣílẹ̀kùn. Dé ẹnu ọ̀nà kó tó lù.

* * *

"Ta ló ń lọ Bangkok tí kò wọ Grand Palace?" Èèyàn márùn-ún ló ti bi mí báyìí, ẹnìkan tiẹ̀ ń bínú.

Mo ti wọ ibẹ̀. Ó rẹwà. 1782 ni ọba Rama Kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nígbà tó gbé olú ìlú wá sí bèbè odò níhìn-ín, inú ọgbà yẹn náà ni Wat Phra Kaew wà, níbi tí Búdà aláwọ̀ ewé wà, tí ọba fúnra ẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ fún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún bí ojú ọjọ́ bá ṣe yí. Àmọ́ aago mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, 500 baht, owó ilẹ̀ wọn, ni owó ìwọlé àlejò, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, àgbàlá ibẹ̀ sì jẹ́ òkúta funfun tí kò ní ìbòji tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó o bá fi máa jáde, ìyálẹ̀ta ti kọjá, òwúrọ̀ rẹ ti tán. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta, kó lọ. Ẹni tó ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, Wat Pho ni mo bá a yàn.

Ìdí mi: Búdà tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ gùn ní mítà 46, ó ga ní mítà 15, inú ilé ló wà, ilé náà sì tutù láàárọ̀. Wàá rìn láti orí ẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, níbi tí wọ́n ti to ìkarahun dídán sí àmì 108. Lẹ́yìn ẹ̀, abọ́ idẹ 108 wà lórí ìlà lẹ́bàá ògiri, àwọn èèyàn ń ju owó ẹyọ sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró ẹ̀ á kún gbogbo ilé. Mo dúró síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, mo pa ojú dé. Kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ tí mo gbọ́ ní ìlú yẹn.

Lẹ́yìn náà, bọ́ sí èbúté Tha Tien, wọ ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn rékọjá sí Wat Arun. Baht márùn-ún ni mo san. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni orúkọ tẹ́ńpìlì yẹn ń tọ́ka sí, àfọ́kù àwo aláràbarà láti ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n sì fi bo ara ilé ìṣọ́ ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Láti òdìkejì odò, ńṣe ló dà bí òkúta. Ìgbà tó o bá sún mọ́ ọn lo tó máa rí i pé òdòdó ni gbogbo ẹ̀, tí wọ́n fi èékú àwo tò. Kí aago mẹ́wàá àbọ̀ tó lù, kúrò níbẹ̀, kó o rékọjá padà sí Tha Tien. Ilẹ̀ á ti máa gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní wíwọ ọkọ̀ ojú omi túmọ̀ sí pé ìrìn ẹsẹ̀ ti bà jẹ́, mo kí yín o. Afárá wà, òótọ́ ni, àmọ́ ìyípo ẹ̀ gùn, kò sì sí igi. Àwọn ará ìlú fúnra wọn, odò ni títì wọn. Mi ò rí ohun tí a ń jà fún.

* * *

Kí n sọ ti "wọ́n ti ti í pa lónìí", nítorí pé ìbéèrè ẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin kan tó múra dáadáa á dá ọ dúró lẹ́bàá Grand Palace tàbí Wat Pho. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ á já geere. Á ní ayẹyẹ kan ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ti ti ibẹ̀ pa títí di ọ̀sán, àmọ́ kẹ̀kẹ́ kan wà níhìn-ín tó máa gbé ọ yí tẹ́ńpìlì mẹ́ta ká fún 20 baht. Kẹ̀kẹ́ yẹn, ọmọ ìyá Márúwá tiwa ni, tuk-tuk ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù òkúta iyebíye àti ti télọ̀ ló máa gbé ọ lọ, torí pé wọ́n ń fún un ní nǹkan lórí oníbàárà tó bá mú wá. Má bá a jà. Máa rìn lọ títí dé ẹnu ọ̀nà gan-an, kó o fi ojú ara rẹ wò ó.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọ̀sán gangan, torí pé òun ni ìjà wa. Láti aago mọ́kànlá títí di mẹ́rin kù díẹ̀, má rìn. Mo sọ ọ́ pátápátá. Àwọn kan ní fìlà, ìpara oòrùn àti omi ti tó. Òjìji ni fìlà ń dá, kò lè gbẹ ọ̀rinrin.

Ibùdó MRT Sanam Chai wà lẹ́yìn Wat Pho níbẹ̀, wọ́n kọ́ inú ẹ̀ bí gbọ̀ngàn ààfin, àlejò míì á dúró kó ya fọ́tò kó tó wọ ọkọ̀. Museum Siam, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ amúlétutù wọn sì dáa. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ ná fún wákàtí kan, kí ara tó bára mu. Lẹ́yìn náà ni màá wọ MRT, ibùdó méjì péré, Sam Yot àti Wat Mangkon, mo ti dé ilé. Wẹ̀. Fi ẹsẹ̀ sókè. Sùn tí wọ́n bá fún ọ láàyè ní yàrá ìjókòó wọn. Họ́sítẹ́lì kan ò gbà fún mi nígbà kan torí pé mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, nítorí náà béèrè látàárọ̀ kó o tó jáde.

Ẹni tí kò bá fẹ́ sùn, ìfọwọ́ra wà. Wat Pho fúnra ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìfọwọ́ra, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn sì wà nínú àkójọ àṣà àjogúnbá àjọ UNESCO láti 2019. Wọ́n á fi ìgbúnwọ́ àti orókún ṣe é fún ọ. Ó dùn, ó sì ń dunni.

* * *

Ti àpò. Ọmọkùnrin kan sọ pé kìlógíráàmù méjìlá lòun ń gbé kiri látàárọ̀ dalẹ́, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Kí Ọlọ́run máa fún un lókun. Ohun tí àpò ńlá ń ṣe ju ìwúwo lọ: ó ń bo ẹ̀yìn rẹ pátá, ẹ̀yìn sì wà lára ibi tí ooru ara ti ń jáde. Àpò kékeré onírọ́pù ni kó o gbé, tàbí èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kan. Ìgò omi, agbòòrùn, ìpèlé kan, ìyẹ̀fun oníyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi (ilé oògùn àti 7-Eleven ń tà á, 7-Eleven sì wà ní gbogbo ìkóríta), owó kéékèèké. Ìwé ìrìnnà mi, inú àpò pélébé lábẹ́ aṣọ ló ń gbé. Àwọn kan ní kí n fi í sílẹ̀ níbùsùn. Èmi ò ní fi tèmi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìwé Nàìjíríà lo fi ń lọ, mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání pẹ̀lú visa, kó o sì kọ TDAC, fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú Thailand, lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o tó wọ bàálù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àlejò.

* * *

Aṣọ kúkúrú: ẹ ò ní wọ tẹ́ńpìlì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tàbí aṣọ tí kò bo èjìká. Bùbá òwú tó fẹ̀ àti ṣòkòtò tó jáálẹ̀ ni mo ń wọ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ inú ẹ̀, ó sì ń dáàbò bo awọ ara. Bàtà tó rọrùn láti bọ́, torí pé wàá bọ́ ọ nígbà mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ kó má jẹ́ sílípáàsì pẹlẹbẹ. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ ò dọ́gba, bíríkì ibì kan yọ, ọ̀kadà sì máa ń gun orí ẹ̀ tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá pọ̀.

* * *

Àwọn obìnrin mẹ́ta kọ̀wé sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kan náà: èèyàn dúdú, obìnrin, tó ń dá rìn. Màá sọ òótọ́. Wọ́n máa wò ọ́. Àwọn àgbàlagbà á wò ọ́ pẹ́, ọmọdé á tẹ̀ lé ọ, ẹnìkan lè fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ. Tákísì kan kọ̀ mí nígbà kan, ó sì gbé ẹni tó dúró lẹ́yìn mi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìlú tí mo ti dá rìn lálẹ́, ibẹ̀ wà lára àwọn tí àyà mi ti balẹ̀ jù lọ, nítorí pé títì ò dá. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìyá àgbà ṣì ń ta oúnjẹ, ọmọ ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ohun kan tó ṣí ilẹ̀kùn fún mi ni ọ̀rọ̀ méjì: phi àti nong. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn lọ́jà, nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, láìjẹ́ pé ìyá kan náà ló bí wọn. Tó o bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ọ́ lọ, pè é ní "phi", kó o fi "kha" parí ọ̀rọ̀ rẹ, bí obìnrin ṣe ń ṣe é. Ojú wọn á yí padà. Ọmọ Yorùbá ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìdí ẹ̀, ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa pé a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Ìlú tó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò rò pé àjèjì pátápátá ni mo jẹ́ níbẹ̀.

* * *

Yìnyín. Ìjà ńlá nìyí! Àwọn kan ní kí àlejò má fẹnu kan yìnyín ní ilẹ̀ Asia. Èyí tó dà bí ọ̀pá kúkúrú tó ní ihò láàárín, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, mo ń mu ún, kò ṣe mí rí. Èyí tí wọ́n fọ́ látara búlọ́ọ̀kù ńlá ni mò ń sá fún. Omi ẹ̀rọ, rárá, ra ti inú ike. Mu díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, má dúró de òùngbẹ, kí iyọ̀ sì wà nínú ohun tó ò ń mu, torí ibi tí mo ti kùnà nìyẹn. Omi àgbọn tútù dáa, omi ọsàn wẹ́wẹ́ oníyọ̀ dáa jù.

Oúnjẹ ọ̀sán, jẹ ohun tí kò wúwo. Som tam ni mo fẹ́ràn: ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á gún un nínú odó pẹ̀lú ata, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ẹja. Wàá gbọ́ ìró ọmọ odó kó o tó rí wọn. Má fi ata yangàn níbẹ̀ o. Ata wọn kì í ṣe rodo, ó ń mú lẹ́yìn tó o ti gbé e mì.

* * *

Ó ku ìrọ̀lẹ́. Tún jáde ní aago mẹ́rin kù díẹ̀, kó o kọ́kọ́ lọ sí Wat Traimit, nítorí pé aago márùn-ún ni wọ́n ń ti ibẹ̀. Ère Búdà tó wà níbẹ̀, wúrà ni, tọ́ọ̀nù márùn-ún àbọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, amọ̀ funfun ni wọ́n fi bò ó, ojú ère lásán ni gbogbo èèyàn sì fi ń wò ó. Ní 1955, wọ́n ń gbé e lọ sí ilé tuntun, okùn já, ó ṣubú, amọ̀ sán, wúrà yọ. Mo máa ń dúró níwájú ẹ̀ ro ti àwọn tó fi amọ̀ bò ó, kí ọ̀tá má bàa gbé e lọ, tí wọ́n sì kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ibẹ̀, rìn wọ Talat Noi, àdúgbò àtijọ́ lẹ́bàá odò, níbi tí wọ́n ti to ẹ́ńjìnnì àlòkù jọ bí òkè sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹni tó bá ti dé Ládípọ̀ rí á rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, Sampheng, ọ̀nà tóóró tí òrùlé bo ibi púpọ̀ nínú ẹ̀, tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ará Ṣáínà lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ wọn kọ́ ààfin ní 1782. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjà, ọjà náà ò tíì tán dòní.

Àwọn tó ní kó o gbé Golden Mount síbi yìí: rárá, ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀. Jẹ́ kó wà fún ìgbà tó o bá ń padà bọ̀ láti Chiang Mai. Chiang Mai náà lo ti máa bá ayẹyẹ Songkran pàdé, ọjọ́ kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, tí gbogbo ìlú ń da omi síra wọn lára. Wá ọ̀rá tí omi kì í wọ̀ fún fóònù rẹ.

* * *

Àbúrò mi béèrè báyìí pé, tó bá jẹ́ èmi ni, ṣé màá yí tíkẹ́ẹ̀tì padà sí oṣù kọkànlá tí ooru rọ̀. Tí kò bá tíì sanwó ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti sanwó. Kó lọ. Tó bá pín ọjọ́ yẹn sí méjì bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, ìrìn ẹ̀ á tó kìlómítà mẹ́jọ, ojú ẹ̀ á sì là láti rí ohun tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ní aago mẹ́fà àbọ̀, dúró ní Yaowarat. Iná àwọn pátákó Ṣáínà á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, pupa àti wúrà, wọ́n á gbé tábìlì jáde sí títì, èéfín á gbòde. Wá ibi tí àwọn ará ìlú tò sí, tò lẹ́yìn wọn, nawọ́ sí ohun tí ẹni iwájú rẹ rà. Parí ẹ̀ pẹ̀lú máńgòrò àti ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tí wọ́n da wàrà àgbọn lé, oṣù kẹrin ni máńgòrò wọn dùn jù. Gba àpò rẹ kí aago mẹ́jọ tó kọjá púpọ̀, wọ MRT ní Wat Mangkon, sọ̀ ní Bang Sue.

Tó o bá ti jókòó sínú ọkọ̀, kọ̀wé síbí. Aago tó o sinmi lọ́sàn-án ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, ká tó bèèrè ohun tó o rí.